Ẹ̀dọ̀ Tí Ó Jẹ́rìí: Ìtàn Ibà Pọ́njú Lábẹ́ Awò

Ibà pọ́njú ni orúkọ tí àwọn Yorùbá fún àìsàn tí ó máa ń mú kí ara gbóná bí iná, tí ojú aláìsàn a sì pọ́n bí ìyeyè. Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n ó gba àrùn púpọ̀ mọ́ra. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní yẹ́lò fífà, wà lábẹ́ rẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀ tí ó ń ti inú omi ìdọ̀tí wá wà níbẹ̀. Ibà tí ìtọ̀ eku ń kó ran ènìyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó kó wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà tí ó gba ìwé ẹ̀rí ní London, ní Paris àti ní New York náà ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò sì mọ níwọ̀n.

Ẹlẹ́rìí kan wà nígbà náà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé ju ti gbogbo ìyókù lọ. Ẹ̀dọ̀ ẹni tí àrùn náà pa ni. Bí a bá gé ẹyọ kékeré kan nínú ẹ̀dọ̀ náà, tí a rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a pa á láró, tí a sì gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tí a mọ̀ sí máíkírósíkópù, ìparun tí àrùn náà ṣe yóò hàn gbangba. Ìtàn ẹlẹ́rìí yìí kan Havana, ó kan Hamburg, ó kan Yaba ní Èkó, ó kan Accra, ó sì kan àwọn abúlé Brazil. Ó dójú ti ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí òkìkí wọn kàn jùlọ ní ayé ìgbà náà. Ó sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba àti àwọn ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀.

Ọgbọ́n wíwo inú òkú láti mọ ohun tí ó pa á kò jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ọjọ́ pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ojú lásán rí ni gbogbo rẹ̀ mọ sí. Ní 1858 ni Rudolf Virchow, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì ní Berlin, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti fi kọ́ni pé sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara gbogbo ohun abẹ̀mí, bí a ti ń fi bíríkì mọ ilé, pé inú sẹ́ẹ̀lì ni àrùn ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àti pé ibẹ̀ ni kí a ti máa wá a. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ oníṣègùn Yúróòpù ṣì gbà pé omi ara tí ó bàjẹ́ ni orísun àìsàn. Ẹ̀kọ́ Virchow ni ó sọ awò di ohun èlò oníṣègùn pátápátá.

Ó yẹ kí a sọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ó tó di iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹran ara òkú kì í pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà, pàápàá ní ilẹ̀ olóoru. Nítorí náà a óò kọ́kọ́ rì í sínú fọ́málíìnì, omi olóòórùn líle kan tí Ferdinand Blum, ará Jámánì, rí ìwúlò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ní 1893. Lẹ́yìn èyí a óò fi ọtí líle fa omi inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, a óò sì jẹ́ kí ìda yíyọ́ wọ inú rẹ̀, irú ìda tí a fi ń ṣe àbẹ́là, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi le bí ọṣẹ. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ abẹ yóò wá rẹ́ ẹ. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bí márùn-ún péré nínú rẹ̀ ni ìnípọn ohun tí abẹ náà rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ a máa là á kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìṣòro kejì sì nìyí, nítorí pé ohun tí ìmọ́lẹ̀ là kọjá bẹ́ẹ̀, ojú kò lè rí ìyàtọ̀ kankan nínú rẹ̀. Aró ni ó yanjú ọ̀ràn náà.

Aláró Òṣogbo tàbí ti Abẹ́òkúta tí ó bá wọ inú yàrá iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe àjèjì púpọ̀ níbẹ̀. Inú igi kan tí ó ń hù ní agbègbè Campeche ní ilẹ̀ Mexico ni a ti ń fa aró kìíní jáde. Hematoxylin ni a ń pè é. Aró yìí kì í mú ẹran ara bí a kò bá po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀lú kò ti ní mú aṣọ dáadáa bí kò bá sí omi eérú. Bí ó bá mú, a máa sọ kókó inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan di aláwọ̀ aró. Aró kejì, eosin, tí a fi kẹ́míkà ṣe ní Jámánì ní àwọn ọdún 1870, a máa sọ ìyókù sẹ́ẹ̀lì náà di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín aró àti pupa yìí ni ọ̀mọ̀wé ti ń ka ìtàn ikú, bí ẹni tí ó mọ ìwé ti ń ka ìwé.

Ẹ̀dọ̀ tí ó dá ṣáṣá a máa rí lábẹ́ awò bí ìlú tí a fi ètò tẹ̀ dó. Agbo ilé kéékèèké ni ó pín sí. Ní àárín agbo ilé kọ̀ọ̀kan ni iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà bí kànga tí ó wà láàárín àgbàlá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì sì tò ní ìlà láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wọlé. Àwòrán yìí ni kí ẹni tí yóò bá ìtàn náà lọ fi sọ́kàn.

Ní 1890 ni William Councilman, ará Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn ohun tí ó rí nínú ẹ̀dọ̀ àwọn tí ibà pọ́njú pa, èyí tí George Sternberg, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kó jọ. Nínú ẹ̀dọ̀ náà ni ó ti rí àwọn ohun róbótó kan tí ó sún kì, tí ó sì gba aró pupa ju bí ó ti yẹ lọ, bí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí ó já sáàárín ẹ̀wà. Àwọn kan rò pé kòkòrò tí ń fa àrùn náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni, tí ó ti kú, tí ó sì ti fà jọ. Orúkọ Councilman ni a fi ń pe ìlẹ̀kẹ̀ ikú yìí títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ yìí nìkan kò tó láti dá ẹjọ́, nítorí pé àrùn ẹ̀dọ̀ mìíràn náà lè mú un wá. Ẹni tí ó parí ọ̀rọ̀ náà ni Henrique da Rocha Lima, ọmọ Brazil tí a bí ní Rio de Janeiro ní 1879, tí ó sì lọ ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg ní Jámánì. Ní 1912 ó fi hàn pé ibi tí ikú ti jà nínú agbo ilé náà ni kí a wò. Nínú ibà pọ́njú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yí kànga ká a máa yè, àwọn tí ó wà ní ẹ̀yìn ọgbà a máa yè pẹ̀lú. Àwọn tí ó wà láàárín méjèèjì ni ó ń ṣègbé. Councilman ti sọ irú òkú tí ó wà nílẹ̀. Rocha Lima wá sọ ibi tí wọ́n ṣubú sí. Ìmọ̀ méjèèjì pa pọ̀ di ẹ̀rí tí ó lágbára gidigidi.

Síbẹ̀, ta ni apààyàn náà? Carlos Finlay, dókítà ní Havana, ti sọ ní 1881 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé àrùn náà kiri, ọ̀pọ̀ ni kò sì kọ ibi ara sí i. Ní 1900 ni ìgbìmọ̀ tí Walter Reed jẹ́ olórí fún fi ìdánwò hàn ní Cuba pé òtítọ́ ni Finlay sọ. Jesse Lazear, ọ̀kan nínú wọn, kú nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n tún rí i pé ohun tí ń fa àrùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gba inú asẹ́ tí ó ń dá bakitéríà dúró kọjá. Ìtumọ̀ èyí ni pé awò ìgbà náà kò lè fojú rí i rárá. Ipa ẹsẹ̀ olè hàn nínú ilé, ṣùgbọ́n kò sí ojú tí ó lè rí olè náà.

Níhìn-ín ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Awò kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi ka ipa ẹsẹ̀, àwọn mìíràn sì takú pé olè náà gan-an ni àwọn yóò fi mú.

Nínú àwọn tí ó ń wá olè náà, kò sí ẹni tí ó lókìkí tó Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tí a bí ní 1876, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Rockefeller ní New York. Ní 1918 ó lọ sí Guayaquil ní Ecuador. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi kéde pé òun ti rí kòkòrò tí ń fa ibà pọ́njú nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó lọ́ bí okùn. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ara kòkòrò náà, wọ́n sì gún un fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù àti ti Àárín. Ní ìpàdé kan ní Jamaica ní 1924, Aristides Agramonte, ọmọ Cuba tí ó ti bá Reed ṣiṣẹ́, dìde láti ta ko Noguchi. Ní 1926 ni Max Theiler àti Andrew Sellards ní Harvard wá fi hàn pé kòkòrò Noguchi kò yàtọ̀ sí ti ibà ìtọ̀ eku. Àwọn tí ojú wọn pọ́n ní Guayaquil, tí ó ti inú ẹ̀jẹ̀ wọn rí kòkòrò rẹ̀, àrùn mìíràn ni ó ń ṣe wọ́n. Ìbá rọrùn láti fi Noguchi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kì yóò tọ́. Ojú rẹ̀ rí ohun tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Orúkọ tí ó fún un ni kò tọ́.

Ní 1925, àjọ Rockefeller ti fi ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní Yaba ní Èkó láti wádìí ibà pọ́njú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Henry Beeuwkes ni olórí wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó wà níwájú wọn ni pé, ǹjẹ́ ibà pọ́njú ti Áfíríkà àti èyí tí ó wà ní Amẹ́ríkà ha jẹ́ ọ̀kan náà bí? Oskar Klotz, ọ̀jọ̀gbọ́n láti Toronto tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mímọ àrùn nípa wíwo ẹran ara, dé Èkó ní 1926, ó sì fi ara balẹ̀ wo ẹ̀dọ̀ lábẹ́ awò. Ìparun àárín agbo ilé tí Rocha Lima ṣàpèjúwe wà níbẹ̀. Kòkòrò Noguchi ni wọn kò rí, bí ó ti wù kí wọ́n wá a tó.

Ìṣòro ńlá wọn ni pé kò sí ẹranko tí ó gba àrùn náà. Wọ́n gbìyànjú pẹ̀lú onírúurú ẹranko, títí kan ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ọ̀bọ ilẹ̀ wa ti bá àrùn náà gbé pẹ́, kì í pa á. Wọ́n wá kó ọ̀bọ rhesus, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ Íńdíà, wọ Èkó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1927, dókítà Mahaffy gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ibà ń ṣe ní Kpeve, tí ó wà nínú Ghana òde òní. Asibi ni orúkọ ọkùnrin náà, ẹni ọdún 28. Ibà rẹ̀ kò le púpọ̀, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ tí wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ náà sí lára kú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ikú ọ̀bọ kan kò jẹ́rìí ohun kan; ọ̀bọ lè kú ikú tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó yanjú ọ̀ràn náà. Paul Hudson ni ó ń ṣe iṣẹ́ ẹran ara fún ìgbìmọ̀ náà nígbà yìí, òun àti Adrian Stokes pẹ̀lú Johannes Bauer sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí wọ́n ti wo ẹ̀dọ̀ ọ̀bọ náà lábẹ́ awò, ìparun tí ó wà nínú rẹ̀ jọ ti ènìyàn tí ibà pọ́njú pa. Wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ láti ara ọ̀bọ kan sí èkejì, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn gbé e láti ọ̀kan dé òmíràn, wọ́n fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ó sì ń pa wọ́n bákan náà. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 1928. Fáírọ́ọ̀sì ni apààyàn náà.

Nínú gbogbo àwọn tí ó wà ní Yaba, Stokes ni ẹni tí ó yẹ kí ìtàn dúró lé lórí díẹ̀. Ọmọ ìdílé oníṣègùn ará Ireland ni, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ni ní ilé ìwòsàn Guy's ní London. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ní Flanders, níbi tí ó ti ṣe ìwádìí ibà ìtọ̀ eku tí ó ń pọ́n àwọn ọmọ ogun lójú nínú kòtò ogun. Èyí ni pé àrùn tí Noguchi ṣì mú fún ibà pọ́njú, Stokes ti mọ̀ ọ́n dójú ìwọ̀n. Ó ti wá sí Èkó lẹ́ẹ̀kan rí ní 1920. Ní 1927 ó padà wá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ibà mú un. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe òun. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun sára ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, bí òun bá sì kú, kí wọ́n yẹ òkú òun wò. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ó kú ní Èkó, ẹni ogójì ọdún. Àwọn ẹni tí ó jọ ń jẹun ní àárọ̀ ni ó wá gbé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sábẹ́ awò. Kò sí iyèméjì nínú ohun tí wọ́n rí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1927, Noguchi fúnra rẹ̀ dé sí Accra láti mọ òtítọ́. Dókítà William Young, olórí ilé ìwádìí ìṣègùn tí ó wà níbẹ̀, ni ó gbà á lálejò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1928 ó bẹ Èkó wò, ara rẹ̀ kò sì dá ní ìrìn-àjò ìpadàbọ̀. Ó kú ní Accra ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Young ni ó yẹ òkú rẹ̀ wò, ẹ̀dọ̀ náà sì jẹ́rìí pé ibà pọ́njú ni. Kí oṣù náà tó parí, ibà kan náà ti pa Young. Ẹ̀dọ̀ Noguchi ni ó wá fún un ní ìdáhùn tí kò rí nínú ìgò ìwádìí rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

A mọ orúkọ àwọn wọ̀nyí nítorí pé wọ́n kọ ìwé, a sì kọ ìwé nípa wọn. Orúkọ Asibi pẹ̀lú kò parẹ́, nítorí pé wọ́n fi sọ fáírọ́ọ̀sì náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ń bọ́ ọ̀bọ ní Yaba, tí ó ń tọ́jú ẹ̀fọn nínú àgò, tí ó sì ń fọ gíláàsì tí a fi ń wo ẹ̀dọ̀, ìwé ìtàn kò dárúkọ wọn. Ewu tí ó pa Stokes wà lórí wọn náà, àyàfi àwọn tí ibà náà ti ṣe ní kékeré láìmọ̀. Àbùkù ńlá ni èyí jẹ́ nínú ìtàn ìmọ̀ ní ilẹ̀ yìí, kò sì yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ọmọ ilé ìwé fò ó dá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ ní Yaba, ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní Rio de Janeiro ní 1928, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún tí kò sí níbẹ̀. Ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ìgbàgbọ́ àwọn onímọ̀ ni pé bí a bá ti pa ẹ̀fọn inú ilé run ní àwọn ìlú ńlá etíkun, àrùn náà yóò kú fúnra rẹ̀. Níbo ni ó wá sá pamọ́ sí? Fred Soper, ará Amẹ́ríkà tí ó ń darí iṣẹ́ àjọ Rockefeller ní Brazil, rò pé àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní dókítà ni yóò jẹ́ ibùba rẹ̀, níbi tí a ti ń sin òkú ibà láìsí ẹni tí ó mọ irú ibà tí ó jẹ́. Ẹ̀dọ̀ nìkan ni ó lè sọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gé e?

Rickard, ọ̀kan nínú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ṣe irinṣẹ́ kan ní 1930. Irin gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, tí ó ní abẹ tí ń yọ́ wọlé tí ó sì ń yọ́ jáde. A óò tì í wọ inú òkú lábẹ́ ìhà ọ̀tún, abẹ náà yóò gé ẹ̀dọ̀ díẹ̀, yóò sì mú un jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ẹni tí yóò ṣe é jẹ́ dókítà. Nítorí náà wọ́n yan aṣojú káàkiri ìlú àti abúlé, wọ́n sì ń sanwó fún wọn lórí ẹ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ẹni tí ibà bá ti pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, a kò gbọdọ̀ sin ín kí a tó gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1932 ìjọba fi òfin gbe iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀.

Àwọn ará ìlú kọ̀ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n gbé òkú wọn sá, wọ́n sin ín sínú igbó, wọ́n dìde sí aṣojú pẹ̀lú ohun ìjà. A pa nínú àwọn aṣojú náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sábà máa ń ka èyí sí àìmọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí òkú jẹ́ fún ọmọ rẹ̀ kò ní yára sọ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń wẹ òkú, a máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tí ń sùn, a sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń gbọ́. Àwọn ará Brazil tí ń fi àbẹ́là ṣọ́ òkú ọmọ wọn ní alẹ́ kò jìnnà sí èyí. Kí àjèjì kan wọlé láàárín ẹkún, kí ó ti irin wọ ìhà ọmọ náà, kí ó sì gbowó lé e lórí, ohun tí ó le gidigidi ni. Àwọn tí a ń ṣe é fún jẹ́ tálákà. Òkú olówó ní dókítà tí yóò kọ ìwé ẹ̀rí fún un. Iṣẹ́ náà wúlò. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é kò ní ọ̀wọ̀ tó. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò sọ èkejì di irọ́.

Ìwúlò rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ó ń ti àwọn ìlú kéékèèké wá fi hàn pé àrùn náà ń jà níbi tí kò sí ẹni tí ó fura sí i. Ní 1932, ní àfonífojì Canaã ní ìpínlẹ̀ Espírito Santo, wọ́n rí ibà pọ́njú níbi tí ẹ̀fọn inú ilé kò sí rárá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé àrùn náà ní ilé mìíràn nínú igbó, láàárín àwọn ọ̀bọ, àti pé àwọn tí ń gé igi ni ó ń kó o. Ní 1938 wọ́n mú ẹ̀fọn igbó tí ó ń gbé e. Ìrètí pé a lè pa ibà pọ́njú run kúrò láyé dópin níbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè pa gbogbo ọ̀bọ àti gbogbo ẹ̀fọn inú igbó.

Ẹ̀dọ̀ a tún máa sọ ohun tí a kò bi í. Ní 1934 Henrique Penna wo nǹkan bí 47,000 ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ti gé fún ibà pọ́njú, ó sì rí 41 nínú wọn tí àrùn mìíràn pa, èyí tí kòkòrò leishmania ń fà, tí àwọn oníṣègùn rò pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ní Brazil.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ Asibi, kò dúró sí Yaba. Max Theiler, ẹni tí ó ti tú àṣírí àṣìṣe Noguchi, àti Hugh Smith gbin fáírọ́ọ̀sì náà sínú ẹran ara ọmọ adìẹ tí kò tíì pa, léraléra, títí oró rẹ̀ fi rọ̀. Ní 1937 wọ́n kéde pé kò lè pa ẹ̀dọ̀ ọ̀bọ run mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń dáàbò bo ara. 17D ni wọ́n pè é. Òun ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí ayé ń lò títí di ìsinsìnyí, a sì fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ìgbìmọ̀ Yaba ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1934.

Ìmọ̀ tí ó dé lẹ́yìn náà dín agbára ẹlẹ́rìí àtijọ́ yìí kù, ó sì fi kún un. Ní 1972, John Kerr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Scotland fi hàn pé ìlẹ̀kẹ̀ Councilman jẹ́ àpẹẹrẹ ọ̀nà kan tí sẹ́ẹ̀lì gbogbo ara ń gbà kú pẹ̀lú ètò. Kì í ṣe ti ibà pọ́njú nìkan. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, náà ń pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá wo ẹ̀dọ̀ lónìí kò ní dá ẹjọ́ lórí aró àti pupa nìkan. Ó ní aró mìíràn tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ níbi tí ó bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó wá ṣeé ṣe láti rí olè àti ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí gíláàsì kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í gé ẹ̀dọ̀ alààyè tí a fura pé ibà pọ́njú ń ṣe, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní dá. Ẹni tí ó bá sì yè, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a máa sàn pátápátá láìsí àpá, tí kò fi ní sí ohun kan tí awò lè rí níbẹ̀ mọ́.

Ní 1987 ibà pọ́njú jà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, àádọ́ta ọdún gbáko lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ 17D ti wà. Ní 2004 ni Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ náà kún èyí tí a ń gún fún gbogbo ọmọ ọwọ́. Ní 2017 ó tún yọjú ní ìpínlẹ̀ Kwara, ẹ̀jẹ̀ ọmọdébìnrin kan ni ó sì kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀.